Ó yá wọlé, kò yá jáde: owó kàsínò orí ayélujára ní Ọsirélíà

Ọmọ Òkè-Bọ́là (Perth)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi lọ́kàn tí mo fi wá síbí lálẹ́ yìí.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń ta tẹ́tẹ́ pokies (ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kàsínò) lórí fóònù. Mo san 200 dọ́là, mo tún san 350, mo tún san 400, PayID, ọ̀nà ìfowóránṣẹ́ báńkì ibí, ni mo fi san gbogbo rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí owó fi ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ Sátidé, mo jẹ 3,200 dọ́là. Mo ní kí wọ́n san án sínú àkáǹtì mi. Wọ́n ní kí n fi láísẹ́ǹsì ọkọ̀ mi ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n ya fọ́tò ara mi pẹ̀lú láísẹ́ǹsì náà lọ́wọ́, mo yà á. Wọ́n tún dé, wọ́n ní mi ò tíì ta bónọ́ọ̀sì tí mo gbà tó iye tó yẹ. Lónìí ni wọ́n wá ní kí n san 320 dọ́là owó orí kí owó mi tó lè jáde.

Nígbà tí mo wà n'Íbàdàn, tí mo bá ta bọ́ọ̀lù tí mo sì jẹ, owó á ti wọ àkáǹtì mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo rò pé bákan náà ni níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ló dára jù láti gba owó jáde? Ṣé kí n san 320 yẹn?

Àbẹ̀kẹ́ (Adelaide)

Ẹ má san kọ́bọ̀, bùọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san kọ́bọ̀.

Ní Ọsirélíà, ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ fún fàájì kì í san owó orí lórí ohun tó bá jẹ. Ilé iṣẹ́ owó orí, ATO, kì í béèrè rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní owó orí wà ńbẹ̀, ATO lẹ máa san án fún, kì í ṣe kàsínò. Tí wọ́n bá sì ní owó kan tí wọ́n fẹ́ yọ, ṣebí 3,200 yín wà lọ́wọ́ wọn, kí ni kò jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ níbẹ̀? Ẹni tí owó yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó tún ní kẹ́ ẹ lọ mú owó wá kó tó fún yín, gbájú-ẹ̀ ni.

Iṣẹ́ mi ni pé mò ń gbé fóònù àwọn oníbàárà ní báńkì kan níbí. Irú ìpè yìí kì í wọ́n lọ́dọ̀ wa. Tẹ́ ẹ bá san 320, wọ́n á wá orúkọ mìíràn pè é lọ́la, wọ́n á ní owó ìdánimọ̀, wọ́n á ní owó àyẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan: nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ fi PayID sanwó, orúkọ ta ló jáde lójú fóònù yín?

Ọmọ Òkè-Bọ́là (Perth)

Orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àǹtí. Àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ kan tó dà bíi pé wọ́n ń gé koríko àgbàlá. Ìkejì, orúkọ obìnrin. Ìkẹta, orúkọ ọkùnrin, íméèlì rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà rúdurùdu. Mo bi wọ́n, wọ́n ní aṣojú àwọn ni.

Àbẹ̀kẹ́ (Adelaide)

Ohun tí mo rò náà nìyẹn.

PayID fúnra rẹ̀ kò burú. Láti 2018 ló ti wà, nígbà tí àwọn báńkì gbé ètò ìsanwó tuntun tí wọ́n ń pè ní NPP jáde. Ẹ ó so nọ́ńbà fóònù tàbí íméèlì yín mọ́ àkáǹtì yín, owó á sì máa wọlé lójú ẹsẹ̀, tọ̀sán tòru, títí kan ọjọ́ Àìkú. Èmi náà ni mo fi ń san owó àjọ wa. Àmọ́ owó tó bá ti lọ báyìí, ó ti lọ nìyẹn. Kì í ṣe bíi káàdì tó jẹ́ pé báńkì lè bá yín bá ẹni tó gbà á jà, kí ó sì gbà á padà.

Ẹ wá wo orúkọ mẹ́ta yẹn dáadáa. Kàsínò náà kò ní àkáǹtì ní Ọsirélíà, torí náà àkáǹtì ẹlòmíràn ló ń yá lò. Àwọn kan tiẹ̀ ń ta àkáǹtì wọn fún irú iṣẹ́ yìí, nígbà míì akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú ń pọ́n ni. Tí báńkì bá rí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀, wọ́n á tì í pa, wọ́n á sì tún wo àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ sí i. Mo ti bá ẹni tí wọ́n so àkáǹtì rẹ̀ rọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí owó ilé ku ọ̀la. Ẹkún ló ń sun.

PayID tẹ́ ẹ sì fi san wọlé kò ní kí owó gba ibẹ̀ jáde. Àkáǹtì tó gba owó yín lọ́sẹ̀ tó kọjá lè ti kú lónìí.

Bàbá Lékan (Sydney)

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí bá a bá ń sọ̀rọ̀ PayID àti káàdì láì sọ òfin, àwọn èwe inú wa á rò pé ọ̀rọ̀ ká mọ ọ̀nà tó yá jù ni.

Láti 2001 ni òfin kan ti wà níbí, Interactive Gambling Act. Òfin yìí kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣí kàsínò orí ayélujára fún ẹni tó wà ní Ọsirélíà. Pokies, roulette, blackjack, kò sí èyí tó ní láísẹ́ǹsì lórí ayélujára ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní 2017 wọ́n tún òfin náà rán kí ó le sí i. Ìwọ tó ń ta á kọ́ ni òfin ń wá, ẹni tó ṣí i ni. Má bẹ̀rù ọlọ́pàá nítorí pé o ta á. Ṣùgbọ́n rántí pé kò sí ẹni tó máa bá ọ gbèjà níwájú wọn.

ACMA ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó o. Láti oṣù kọkànlá 2019 ni wọ́n ti ń sọ fún àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n dí ojú ọ̀nà irú àwọn ibi yìí, èyí tí wọ́n ti dí báyìí sì ti lé ní 1,000. Ìdí nìyẹn tí kàsínò rẹ fi ń pààrọ̀ àdírẹ́sì, tí wọ́n á fi nọ́ńbà kún orúkọ rẹ̀, tí wọ́n á ní kó o wá gba ibòmíràn wọlé. Wọ́n lè kọ Curaçao sísàlẹ̀ ojú ewé, erékùṣù òkèèrè kan tó ń fún kàsínò ní láísẹ́ǹsì. Ta lo mọ̀ ní Curaçao tí wàá kọ lẹ́tà sí?

Èyí tó ní láísẹ́ǹsì níbí ni tẹ́tẹ́ ẹṣin, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù àti ti eré ìdárayá yòókù, pẹ̀lú lọ́tò. Ìwé orúkọ àwọn ilé tẹ́tẹ́ tí ìjọba mọ̀ wà lórí ojú òpó ACMA. Tí o kò bá rí orúkọ níbẹ̀, má sanwó.

Olùṣírò (Canberra)

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ bónọ́ọ̀sì, torí ìṣirò ni, ìṣirò sì ni iṣẹ́ mi.

Ẹ ka ìwé àdéhùn wọn. Ẹ ó rí nǹkan bíi "40×" níbẹ̀. Ká ní wọ́n fún yín ní bónọ́ọ̀sì 150 dọ́là. 40 lọ́nà 150 jẹ́ 6,000. Ẹ gbọ́dọ̀ fi 6,000 dọ́là ta tẹ́tẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan owó. Ká wá ní ẹ̀rọ náà ń mú dọ́là 5 nínú 100 tẹ́ ẹ bá ta. Nínú 6,000, ó máa mú 300. Wọ́n fún yín ní 150 kí wọ́n lè gba 300. Àwọn míì tiẹ̀ ń ka owó tẹ́yin fúnra yín san mọ́ ọn; tó bá jẹ́ 150 lẹ san, á wá di ìlọ́po méjì.

Wọ́n tún máa ń fi ìlà kan pamọ́: bí bónọ́ọ̀sì bá wà lórí, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ju dọ́là 5 tàbí 10 ta lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì fi 12 ta lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ohun tẹ́ ẹ jẹ ti wọmi, wọ́n á ní ẹ rú àdéhùn. Nítorí náà, ẹni tí kò bá lè jáwọ́, kó má gba bónọ́ọ̀sì rárá.

Ohun tó bí mi nínú jù ni bọ́tìnnì kan tí wọ́n máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó ń dúró. Ẹ ti ní kí wọ́n san owó yín, wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó ń lọ lọ́wọ́, ọjọ́ kan, méjì, mẹ́ta. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé rèé nísàlẹ̀ rẹ̀, tó ní kẹ́ ẹ dá owó padà sínú tẹ́tẹ́. Ìdádúró yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Wọ́n mọ̀ pé lóru ọjọ́ kejì, nígbà tí oorun kò kùn yín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́rin. Nígbà karùn-ún kò sí nǹkan kan mọ́ tí yóò dá padà.

Jagun Brisbane

Ẹ kú ìjókòó. Mo ti lo ọ̀nà wọ̀nyí fún ọdún méjì kí n tó fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Káàdì: ọ̀pọ̀ ìgbà ni báńkì máa ń kọ̀ ọ́, torí ìnáwó tẹ́tẹ́ ní kóòdù tirẹ̀, 7995. Tí ó bá wá kọjá, ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ sínú àkọsílẹ̀ báńkì yín. Mo rí ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí mi ò dé rí. Wọ́n ń pa irọ́ fún báńkì nípa ohun tí wọ́n tà. Tó bá wá jẹ́ káàdì ẹ̀yáwó, báńkì á kà á sí pé ẹ yá owó lọ́wọ́, èlé á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Láti 11 oṣù kẹfà 2024 ni òfin ti sọ pé àwọn ilé tẹ́tẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì kò gbọ́dọ̀ gba káàdì ẹ̀yáwó tàbí crypto (owó orí ayélujára bíi Bitcoin) mọ́. Torí náà, ibi tó bá ṣì ń gba káàdì ẹ̀yáwó lọ́wọ́ yín ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú ẹni tó jẹ́.

Neosurf: fáúṣà ìsanwó ni, owó ọwọ́ lẹ fi ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ìròyìn. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ torí kò hàn ní báńkì. Fáúṣà náà kò lè gba owó padà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ ni wọ́n á tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àkáǹtì àti ìwé ìdánimọ̀.

POLi tí àwọn àgbà ibí ń sọ nígbà kan, ọ̀nà ìsanwó láti inú báńkì: ó ti kógbá wọlé ní Ọsirélíà láti 2023. Ibi tí orúkọ rẹ̀ bá ṣì wà, wọn kò tún ojú ewé wọn ṣe, tàbí kí wọ́n máa fẹ́ gba ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì yín.

Crypto: òun ló yá jù nínú àtijáde, mi ò ní purọ́. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ san, ó lè dé láàárín wákàtí kan. Nígbà tí wọn kò bá fẹ́ san ńkọ́? Mo fi USDT, ọ̀kan lára crypto, ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lò, 600 dọ́là wọmi láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Kò sí báńkì tí mo lè pè, kò sí ẹni tí mo lè sunkún fún. Bí crypto yín bá sì ti lówó lórí sí i láàárín ìgbà tẹ́ ẹ gbà á àti ìgbà tẹ́ ẹ tà á, ATO máa ka èrè yẹn sí ohun tó ní owó orí. Ohun tẹ́ ẹ jẹ nínú tẹ́tẹ́ kò ní owó orí, èrè orí crypto ní.

Ìyá Ìbejì (Melbourne)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ọmọ mi ní Perth, ẹ kú ìyà tó jẹ yín. Ẹ má bínú bí ohun tí mo fẹ́ sọ kò bá jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè yín.

Ọkọ mi ni. Lọ́jọ́ kan mo tẹ àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́fà jáde ní láíbírì àdúgbò wa, mo gbé e sórí tábìlì ìdáná, mo mú pẹ́ẹ̀nì aláwọ̀ ìyeyè, mo ń kun gbogbo orúkọ tí mi ò mọ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ojú ewé kẹta, ìyeyè ti pọ̀ ju funfun lọ. Àwọn ọmọ ń sùn. Mi ò pariwo. Mo dúró dè é títí ó fi ti ibi iṣẹ́ dé, mo fi hàn án, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

A pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ tẹ́tẹ́, 1800 858 858. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e. A fi orúkọ rẹ̀ sínú BetStop, ìwé ìyọra-ẹni tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 21 oṣù kẹjọ 2023. Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́ta, ó lè jẹ́ títí ayé. Títí ayé ló mú. Kò sí ilé tẹ́tẹ́ orí ayélujára tó ní láísẹ́ǹsì tó gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó ti dùn mí. BetStop kò dé ọ̀dọ̀ àwọn kàsínò òkèèrè yìí, torí wọn kò sí lábẹ́ òfin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdènà tẹ́tẹ́ tí báńkì fi sórí káàdì rẹ̀. Káàdì ni ó ń dènà, nípa kóòdù tí Jagun sọ. PayID sí orúkọ obìnrin kan kò jọ tẹ́tẹ́ lójú ẹ̀rọ. Oṣù kan lẹ́yìn tí a ti ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo tún rí i. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé ó ní kí báńkì dín iye tó lè fi ránṣẹ́ lójúmọ́ kù sí 100 dọ́là, owó oṣù rẹ̀ sì ń wọ àkáǹtì tí àwa méjèèjì jọ ń fọwọ́ sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí.

Alámòójútó

Ẹ dákun, mo yọ líǹkì méjì kúrò nínú ìjíròrò yìí. Ẹnì kan tó forúkọ sílẹ̀ lónìí ló kọ̀wé pé òun mọ agbẹjọ́rò tó lè bá Ọmọ Òkè-Bọ́là gba 3,200 rẹ̀ padà tó bá kọ́kọ́ san owó díẹ̀. Irú wọn ni ó máa ń tẹ̀lé ẹni tí wọ́n bá ti lù ní jìbìtì. Tí ó bá kọ sí yín ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má dá a lóhùn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

Àbẹ̀kẹ́ (Adelaide)

Alámòójútó, ẹ ṣeun gan-an.

Bùọ̀dá, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lálẹ́ yìí rèé. Ẹ ya àwòrán gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yín pẹ̀lú wọn kí wọ́n tó ti àkáǹtì yín pa. Ẹ pe báńkì yín, ẹ má sọ pé tẹ́tẹ́ ni nìkan, ẹ sọ pé jìbìtì ni, ẹ fún wọn ní PayID mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ọjọ́ tẹ́ ẹ san. Èyí tó bá jẹ́ tuntun jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, torí owó lè ṣì wà níbẹ̀. Bí báńkì bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú u, AFCA wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín báńkì àti oníbàárà. Ẹ tún fi tó Scamwatch, ibi tí ìjọba ti ń gba ìròyìn jìbìtì, àti ACMA létí.

Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ yín tó wà lọ́wọ́ wọn ń bà mí lẹ́rù ju owó lọ. Ẹ pe IDCARE, àwọn tó ń ran ẹni tí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀daràn lọ́wọ́, wọ́n á sọ fún yín bẹ́ ẹ ṣe máa gba nọ́ńbà láísẹ́ǹsì tuntun àti bẹ́ ẹ ṣe máa dènà ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ yín yá owó.

Bàbá Lékan (Sydney)

Àti pé, àbúrò, tó o bá fẹ́ máa ta bọ́ọ̀lù rẹ níbi tó ní láísẹ́ǹsì, mọ̀ pé láti oṣù kẹsàn-án 2024, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó o jẹ́ kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún ọ rárá. Ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè ìwé, kì í ṣe ọjọ́ tó o bá jẹ. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ ni wọ́n máa san owó sí, ó sì sábà máa ń dé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ṣe ohun tí Ìyá Ìbejì sọ ná. Oṣù mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ kan.

Ọmọ Òkè-Bọ́là (Perth)

Ẹ̀yin àgbà mi, mo dúpẹ́. Mi ò san 320 náà. Bí mo ṣe sọ fún wọn pé mi ò san án, wọ́n ti mí síta, owó náà kò hàn mọ́. Mo dúpẹ́ pé mo ti ya àwòrán rẹ̀.

Mo pe báńkì ní aago méje àárọ̀. Wọ́n ní 200 àti 350 ti lọ. 400 tó kẹ́yìn, wọ́n ti kọ̀wé sí báńkì tó gbà á, wọ́n ní kí n máa retí. Mo ti ní kí wọ́n dín iye tí mo lè fi ránṣẹ́ kù. IDCARE máa pè mí lọ́la.

Màmá, mo pe nọ́ńbà yẹn. Obìnrin tó gbé e kò kánjú rárá. Lẹ́yìn náà mo sọ fún ìyàwó mi. Owó tí a ń kó jọ kí ìyá rẹ̀ lè wá kí wa ni mo fi ń ta á. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń bá mi to àwọn àwòrán náà bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àbẹ̀kẹ́ (Adelaide)

Ẹ kú iṣẹ́, bùọ̀dá. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ tí báńkì fún yín sílẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ti máa rí i. Tí wọn kò bá pè yín títí di ọjọ́bọ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pè wọ́n, ẹ sì wá sọ fún wa níbí.